BÀÀLÚÙ TÍ Ó Ń DÚRÓ LÓRÍ ÌRÙ

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹni tí ó bá ti dúró rí lẹ́bàá pápá bààlúù ní Kútọnu á ti rí i pé bààlúù kì í ṣàdédé fò. Ó kọ́kọ́ ń sáré ni. Yóò sáré, yóò sáré, ariwo rẹ̀ yóò gba gbogbo àdúgbò, kí ó tó gbé imú sókè. Bí ó bá sì ń bọ̀ wálẹ̀, yóò tún sáré lọ jìnnà kí ó tó lè dúró.

Kí ló dé tí ó fi ń sáré bẹ́ẹ̀? Apá rẹ̀ ni ó ń gbé e. Apá náà kò sì lè gbé ohunkóhun, àfi bí atẹ́gùn bá ń gba orí àti abẹ́ rẹ̀ kọjá pẹ̀lú agbára. Eré sísá ni ó ń mú atẹ́gùn yẹn wá. Ìdí nìyí tí bààlúù ńlá fi ń fẹ́ ọ̀nà tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí gígùn rẹ̀ lè tó kìlómítà 2 tàbí 3.

A lè la irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ sórí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò là á sórí òkun?

Ìbéèrè yìí ni ó mú kí àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Amẹ́ríkà dán bààlúù ogun kan wò ní ọdún 1954, bààlúù tí kì í sáré rárá. Orí ìrù ni ó ń dúró, tí ó gbé imú sí ojú ọ̀run bí igi ọ̀pẹ. Ibi tí ó dúró sí náà ni ó sì ti ń gbéra lọ sókè tààrà. Kí á tó sọ bí wọ́n ṣe ṣe é, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí ojú àwọn èrò ọkọ̀ ojú omi rí, tí wọ́n fi ń wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, láti ọdún 1939 títí di 1945, àwọn ọkọ̀ ojú omi ni ó ń kó oúnjẹ, epo àti ohun ìjà láti Amẹ́ríkà lọ sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọkọ̀ náà máa ń kọ́wọ̀ọ́ rìn nítorí ẹ̀rù. Ọkọ̀ Jámánì tí ń rìn lábẹ́ omi ń dọdẹ wọn. Bààlúù ńlá Jámánì kan tí wọ́n ń pè ní Condor náà ń wá wọn kiri láti òkè. Bí ó bá rí wọn, yóò ju bọ́ǹbù lù wọ́n, tàbí kí ó ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó wà lábẹ́ omi pé ẹran wà níbí. Bààlúù Gẹ̀ẹ́sì tí ó lè lé e kò lè ti orí ilẹ̀ fò dé àárín òkun.

Òótọ́ ni pé irú ọkọ̀ ojú omi kan wà tí ó jẹ́ pápá bààlúù fúnra rẹ̀. Orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, gígùn àwọn ńlá inú wọn sì ju mítà 200 lọ. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, ó sì ń pẹ́ kí wọ́n tó kàn án parí. Kò tó láti pín fún gbogbo àwọn ọkọ̀ akẹ́rù.

Ní ọdún 1941, àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá ọgbọ́n kan. Wọ́n to irin bí ojú irin rélùwéè sí iwájú àwọn ọkọ̀ akẹ́rù kan, wọ́n gbé bààlúù ogun kékeré kan ṣoṣo lé e, bààlúù tí wọ́n ń pè ní Hurricane. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ni yóò tì í. Bí Condor bá yọ, iná á sọ, bààlúù á sì jáde bí òkò tí a ta láti inú kànnàkànnà. Lílọ nìyẹn. Bíbọ̀ ńkọ́? Kò sí ibi tí yóò bà sí. Bí ilẹ̀ kò bá sí nítòsí, awakọ̀ náà á fi agboòrùn ńlá fò sínú òkun, tàbí kí ó gbé bààlúù rẹ̀ lé ojú omi, kí ó máa retí pé kí wọ́n wá yọ òun kí òtútù tó pa òun. Bààlúù kan, ìjà kan, ó parí. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó gbà láti ṣe iṣẹ́ yẹn sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó wọ inú rẹ̀.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí yóò wúlò fún wa níwájú: gbígbéra kò le tó bíbalẹ̀.

Nígbà tí ogun náà ń lọ sópin, ní ọdún 1944 àti 1945, àwọn awakọ̀ òfúrufú Jàpáànì kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi bààlúù wọn kọlu àwọn ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà, kí àwọn àti ọkọ̀ náà lè jọ parun. Lẹ́yìn ogun, àwọn ọ̀gágun ojú omi Amẹ́ríkà jókòó, wọ́n rò ó. Wọ́n ní bí ó bá ṣeé ṣe kí ọkọ̀ kékeré kọ̀ọ̀kan ní bààlúù ìjà tirẹ̀ tí ó dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀ gangan, tí ó lè gbéra níbẹ̀, tí ó sì lè padà wá bà síbẹ̀, a jẹ́ pé gbogbo ọkọ̀ yóò ní olùṣọ́.

Ní ọdún 1951 wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ilé iṣẹ́ méjì, Convair àti Lockheed. Ti Convair ni ó yọrí jù, òun ni a ó sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù. Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ni XFY-1. Pogo ni àwọn ènìyàn ń pè é. Pogo jẹ́ ọ̀pá ìṣeré kan tí ó ní irin tí ń fún, tí ń nà, nísàlẹ̀. Àwọn ọmọ òyìnbó máa ń gùn ún, wọn a sì máa fi í ta pọ́ún pọ́ún kiri.

Ẹ jẹ́ kí á wo Pogo bí ó ṣe dúró. Ó ga ju mítà 10 lọ, bí ilé alájà mẹ́ta. Apá rẹ̀ méjèèjì fẹ̀, ó rí bí igun mẹ́ta. Ó tún ní ìyẹ́ ńlá méjì mìíràn, ọ̀kan ní ẹ̀yìn, ọ̀kan ní ikùn. Bí a bá wò ó láti òkè, ó dà bí àgbélébùú. Ní ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni táyà kékeré kan wà, bí táyà tí ó wà lẹ́sẹ̀ àga àwọn akọ̀wé. Orí táyà mẹ́rin yẹn ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Àkàbà ni awakọ̀ fi ń gun inú rẹ̀. Bí ó bá jókòó tán, bí ẹni tí ó fẹ̀yìn lélẹ̀ ni yóò wà, ojú rẹ̀ yóò kọjú sí ọ̀run. Wọ́n ṣe àga rẹ̀ kí ó lè tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí ara lè rọ̀ ọ́.

Nígbà tí apá kò tíì rí atẹ́gùn gbà, kí ni yóò gbé e sókè? Abẹ̀bẹ̀ tí ó wà ní imú rẹ̀ ni. Abẹ̀bẹ̀ náà ni yóò fa gbogbo ẹrù náà gòkè, ẹrù tí ó ju tọ́ọ̀nù 7 lọ. Nítorí náà wọ́n so ẹ́ńjìnì méjì pọ̀ di ọ̀kan, agbára rẹ̀ sì ju ti ẹṣin 5,000 lọ.

Wàhálà kan tún wà. Ẹ̀yin tí ẹ ta òkòtó rí ní kékeré, ẹ ó tètè mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí abẹ̀bẹ̀ sí ọ̀tún, ara bààlúù fúnra rẹ̀ yóò fẹ́ yí sí òsì. Nígbà tí ó bá wà lórí ilẹ̀, táyà ń dì í mú. Nígbà tí ó bá ń fò lọ síwájú, apá gígùn ń dì í mú. Ṣùgbọ́n èyí tí ó rọ̀ sójú afẹ́fẹ́, kí ni yóò dì í mú? Yóò kàn máa pòòyì bí òkòtó, ojú awakọ̀ á sì máa kọ́. Wọ́n wá fi abẹ̀bẹ̀ méjì sí i, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ewé mẹ́ta, fífẹ̀ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 5. Bí ọ̀kan ṣe ń yí sí ọ̀tún ni èkejì ń yí sí òsì. Agbára ọ̀kan ń pa agbára èkejì, ara bààlúù á sì dúró jẹ́ẹ́.

Kí ó dúró jẹ́ẹ́ kò sọ pé kò ní ṣubú o. Ẹni tí ó bá gbé ọmọ odó nàró sí àtẹ́lẹwọ́ mọ̀ pé kò gbọdọ̀ sinmi. Bí ó bá tẹ̀ síhìn-ín, ọwọ́ á tẹ̀ lé e. Bí ó bá tẹ̀ sọ́hùn-ún, ọwọ́ á tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni awakọ̀ Pogo ṣe gbọ́dọ̀ máa ṣe. Ní etí apá àti ìyẹ́ ni àwọn pákó pẹlẹbẹ wà tí atẹ́gùn abẹ̀bẹ̀ ń fẹ́ lù. Àwọn ni awakọ̀ ń darí, díẹ̀díẹ̀, láìdákẹ́.

Ẹni tí wọ́n fún ní iṣẹ́ náà ni James Coleman, ọ̀gágun kan tí inagijẹ rẹ̀ ń jẹ́ Skeets. Wọn kò jẹ́ kí ó kọ́kọ́ jáde síta. Ní Moffett Field, ní ìpínlẹ̀ California, ilé kan wà tí wọ́n kọ́ fún àwọn ọkọ̀ òfúrufú ńláńlá ìgbà kan tí inú wọn jẹ́ kìkì afẹ́fẹ́. Ilé náà ga tó bẹ́ẹ̀ tí igi ìrókò yóò fi dúró nínú rẹ̀ láìkan òrùlé. Láti òkè ilé yìí ni wọ́n ti ta wáyà sísàlẹ̀, wọ́n sì so ó mọ́ imú Pogo, pé bí ó bá fẹ́ ṣubú, kí wáyà dì í mú. Ní ọjọ́ 29 oṣù 4 ọdún 1954, Coleman gbé e kúrò nílẹ̀ nínú ilé náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò rọrùn. Atẹ́gùn abẹ̀bẹ̀ ń lu ilẹ̀, ó ń lu ògiri, ó sì ń padà wá ti bààlúù síwá sẹ́yìn.

Ní ọjọ́ 1 oṣù 8 ọdún kan náà, wọ́n mú un jáde, wọ́n tú wáyà. Coleman gbé e sókè ní nǹkan bí mítà 6, ó sì gbé e padà wálẹ̀. Ó tún gbé e, lọ́tẹ̀ yìí ó dé nǹkan bí mítà 45. Lẹ́yìn èyí wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀bá ìlú San Diego, níbẹ̀ ni ó sì ti ṣe iṣẹ́ náà ní pípé ní oṣù 11 ọdún 1954. Ó gbéra lórí ìrù, ó gòkè, ó tẹ imú sílẹ̀, ó fò lọ bí àwọn bààlúù yòókù, ó gbé imú padà sókè, ó sì fi ìrù balẹ̀. Ìṣẹ́jú 21 ni gbogbo rẹ̀ gbà. Kò sí bààlúù ogun kankan tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú rẹ̀. Wọ́n fún Coleman ní ẹ̀bùn Harmon, ẹ̀bùn ńlá láàárín àwọn awakọ̀ òfúrufú.

Ẹ ó ní ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn, pé ohun tí wọ́n ń wá ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí á wo bí Coleman ṣe balẹ̀ ná.

Ẹ ronú kan adẹ́mu lórí ọ̀pẹ. Òun náà ń fi ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n igbà wà ní ìdí rẹ̀, igi ọ̀pẹ sì wà níwájú rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kan igi. Ó mọ ibi tí ó dé. Coleman kò ní igi, kò ní igbà. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀ sójú afẹ́fẹ́, ojú rẹ̀ kọ sí ìkúukùu, ilẹ̀ sì wà ní ẹ̀yìn orí rẹ̀. Láti rí ibi tí ó ń lọ, ó ní láti yí ọrùn, kí ó wo ẹ̀yìn lórí èjìká, nígbà tí ọwọ́ kan ń gbé ọmọ odó nàró, tí ọwọ́ kejì sì ń dín agbára ẹ́ńjìnì kù. Bí ó bá dín in kù jù, bààlúù á já wálẹ̀. Bí kò bá dín in kù tó, yóò tún padà gòkè ni.

Ohun tí ó tún burú jù ni pé ojú ènìyàn kò lè fi bẹ́ẹ̀ mọ bí òun ṣe ń yára sọ̀ kalẹ̀ tó, bí ó bá ń wo ilẹ̀ gbalasa láti òkè lọ́nà bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹlẹ́rọ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ kan sí orí apá tí ó ń wọn bí ilẹ̀ ṣe jìnnà sí, ó sì ní iná mẹ́ta tí awakọ̀ lè máa wò. Iná aláwọ̀ ewé ń sọ pé kò tíì máa sọ̀ kalẹ̀. Iná aláwọ̀ ọsàn ń sọ pé ó ń sọ̀ kalẹ̀ dáadáa. Bí iná pupa bá tàn, ó ti ń yára jù, ó ti ju mítà 3 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí iná pupa bá tàn nígbà tí ilẹ̀ ti sún mọ́ tán, kò sí àyè púpọ̀ mọ́ láti tún un ṣe.

Pogo kò sì ní bíréèkì ojú òfúrufú. Ara rẹ̀ fúyẹ́, ẹ́ńjìnì rẹ̀ lágbára. Bí ó bá ti ń sáré, kì í fẹ́ dẹwọ́. Coleman lè fẹ́ dúró lókè ibì kan, kí ó sì bá ara rẹ̀ níwájú tàbí lókè ju ibẹ̀ lọ.

Gbogbo èyí, orí ilẹ̀ tí kò mì ni. Wọn kò gbé Pogo dé orí ọkọ̀ ojú omi rí. Ẹni tí ó bá ti fi ẹ̀yìn bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré rí ní etí ọ̀sà Àjàṣẹ́ mọ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń sá kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀. Ní àárín òkun, ìdí ọkọ̀ ogun kékeré lè gòkè kí ó sì wálẹ̀ ní ọ̀pọ̀ mítà, kí ó tún máa fì sọ́tùn-ún sósì, kí ìjì máa fẹ́. Ẹ fi òru kún un. Ẹ fi òjò kún un.

Ti Lockheed kò tilẹ̀ dé ibi tí Pogo dé. Wọn kò gbẹ́kẹ̀ lé agbára ẹ́ńjìnì rẹ̀ láti fi í gbéra lórí ìrù, nítorí náà wọ́n fi ẹsẹ̀ onítáyà gígùn sí i kí ó lè máa sáré lórí ilẹ̀ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Lókè réré ni awakọ̀ rẹ̀, Herman Salmon, ti gbé e nàró, tí ó ń fi ìkúukùu ṣe ilẹ̀ kí ó lè mọ bí bíbalẹ̀ yóò ṣe rí. Nígbà tí àwọn ará Lockheed rò ó dáadáa, wọ́n kọ̀wé sí àwọn ọmọ ogun ojú omi pé àwọn kò rò pé ó bọ́gbọ́n mu láti fi nǹkan yìí balẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ojú omi dáhùn pé àwọn náà gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n dá ti Lockheed dúró ní ọdún 1955. Ti Pogo dúró ní ọdún 1956.

Àwọn kan máa ń sọ pé bààlúù tí ń lo iná dípò abẹ̀bẹ̀ ni ó pa Pogo, nítorí ó ti ń sáré jù ú lọ nígbà yẹn. Òótọ́ wà níbẹ̀. Lójú tèmi, ṣùgbọ́n, ọ̀rọ̀ ọrùn yíyí yẹn ni ó pa á. Bí ọkọ̀ 100 bá ní bààlúù kọ̀ọ̀kan, níbo ni wọn yóò ti rí 100 Coleman? Ọmọ ọdún méjìlélógún tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ẹ̀kọ́ jáde ni wọn yóò gbé sínú rẹ̀.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó wá gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ní kí ni ó dé tí a fi ń yí gbogbo bààlúù, àti awakọ̀ inú rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí bààlúù máa wà ní ìdùbúlẹ̀ rẹ̀, kí á yí atẹ́gùn nìkan. Ẹ́ńjìnì wọn ní ẹnu mẹ́rin, méjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí atẹ́gùn ń gbà jáde. Bí awakọ̀ bá fẹ́ gòkè, yóò fa irin kan lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á kọjú sí ilẹ̀, atẹ́gùn á sì ti bààlúù sókè. Bí ó bá fẹ́ lọ, yóò yí wọn sẹ́yìn. Ẹnu kékeré mìíràn wà ní imú, ní ìrù àti ní orí apá, àwọn ni ó ń mú ọmọ odó nàró. Ní gbogbo àkókò náà, awakọ̀ jókòó bí ènìyàn, ó ń wo iwájú. Wọ́n pe ti àkọ́kọ́ ní P.1127. Ó kúrò nílẹ̀, pẹ̀lú okùn nídìí, ní oṣù 10 ọdún 1960. Ní oṣù 2 ọdún 1963, Bill Bedford fi í bà sórí ọkọ̀ ojú omi Ark Royal. Láti inú rẹ̀ ni Harrier ti jáde, lẹ́yìn náà Sea Harrier tí a ṣe fún òkun.

Amẹ́ríkà tún fi ọ̀nà tirẹ̀ gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ilé iṣẹ́ Rockwell ṣe XFV-12A, tí atẹ́gùn ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń gba inú ihò gbọọrọ lára apá jáde. Wọ́n so ó rọ̀ ní ọdún 1978 láti dán an wò. Agbára rẹ̀ kò ju kí ó gbé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ. Ní ọdún 1981 wọ́n pa á tì.

Sea Harrier náà ní àbùkù o. Ó ń mu epo bí aṣálẹ̀ ṣe ń mu òjò nígbà tí ó bá rọ̀ sójú kan, nítorí náà bí ẹrù rẹ̀ bá wúwo, wọ́n máa ń jẹ́ kí ó sáré díẹ̀ lórí ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ní iwájú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ó ń padà wálé. Ní ọdún 1982, nígbà ìjà Gẹ̀ẹ́sì àti Ajẹntínà lórí erékùsù Falkland, orí ọkọ̀ méjì, Hermes àti Invincible, ni wọ́n ti ń jáde, nínú òtútù àti ìkúukùu, kò sì sí bààlúù Ajẹntínà tí ó já ọ̀kankan nínú wọn bọ́ lójú òfúrufú. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì lò ó títí di ọdún 2006.

Ní oṣù 6 ọdún 1983, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ wa Sea Harrier jáde láti fi ṣe ìdánrawò lórí òkun tí ó wà nítòsí ilẹ̀ Potogí. Ẹ̀rọ tí ń fi ọ̀nà hàn án kọṣẹ́. Ó wá ọkọ̀ rẹ̀ títí, kò rí i. Epo ń tán lọ. Ó rí ọkọ̀ akẹ́rù ilẹ̀ Sípéènì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Alraigo, tí ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó kọ́kọ́ rò pé kí òun sún mọ́ ọn, kí òun fi agboòrùn fò sínú omi, kí wọ́n wá gbé òun, gẹ́gẹ́ bí àwọn awakọ̀ Hurricane ti máa ń ṣe. Nígbà tí ó dé itòsí, ó rí i pé orí àwọn àpótí irin ńlá tí ọkọ̀ náà kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó yí ẹnu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sísàlẹ̀, ó sì bà sórí wọn. Òde àpótí ń yọ̀. Bààlúù fà sẹ́yìn, ìdí rẹ̀ sì lọ gbé ara lé orí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ akẹ́rù kékeré kan tí wọ́n dì síbẹ̀. Ara ọmọ náà dá ṣáṣá. Alraigo kò yà síbì kankan. Ó gbé bààlúù náà lórí bẹ́ẹ̀ dé erékùsù Tenerife. Wọ́n tún un ṣe, ó sì tún fò.